Pọ́tàlì oníbàárà àti wẹ́bùsáìtì yín: ẹ má kó wọn sí yàrá kan náà

Ilé-ìwé aládàáni, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àwọn awọnlẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra kaṣú lọ́wọ́ àgbẹ̀: ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí. Wọ́n fẹ́ kí oníbàárà fi fóònù rẹ̀ wọlé, kó rí èsì tirẹ̀, rìsíìtì tirẹ̀, àti iye tó ṣẹ́ kù tó jẹ. Pọ́tàlì nìyẹn. Ẹni tó bá wọn ṣe wẹ́bùsáìtì á wá fi plugin kan, ìyẹn ètò àfikún, kún WordPress tí wọ́n fi kọ́ wẹ́bùsáìtì náà, iṣẹ́ á parí láàárín ọjọ́ méjì. Àbùjá yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ lè ṣàlàyé fún ọ̀gá tó bá ń sọ pé owó sẹ́fà kejì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé wẹ́bùsáìtì sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti pọ̀ jù.

Wẹ́bùsáìtì dà bí ìsọ̀ tó kọjú sí títì. Ẹnikẹ́ni ló lè yà síbẹ̀ kó wo ọjà, kó béèrè iye. Pọ́tàlì ni ìyẹ̀wù: ibẹ̀ ni èsì àyẹ̀wò aláìsàn wà, ibẹ̀ ni gbèsè owó ilé-ìwé wà, ibẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà wà. Nílé, a kì í fi kọ́kọ́rọ́ kan náà ṣí méjèèjì.

Ẹ wo bí hosting alájọlò, sẹ́fà kan tí ọ̀pọ̀ oníbàárà jọ ń lò, ṣe rí. Nínú cPanel, ojú ewé tí ẹ fi ń ṣàkóso hosting náà, gbogbo nǹkan yín wà lábẹ́ orúkọ aṣàmúlò kan ṣoṣo, nínú fódà kan bíi /home/orukoyin. Bí ẹ bá ṣẹ̀dá portal.orukoyin.com.ng níbẹ̀, fódà mìíràn ni cPanel kàn là sínú ilé kan náà. Aṣàmúlò kan náà ló ń gbé wẹ́bùsáìtì àti pọ́tàlì rìn, nítorí náà ètò tí wọ́n fi èdè PHP kọ sínú èkíní lè ka fáìlì èkejì. Bí plugin àwòrán tí ẹ kò tíì fi ẹ̀dà tuntun pààrọ̀ láti ọdún tó kọjá bá lu ihò, olè tó gba ibẹ̀ wọlé á ka wp-config.php, fáìlì ìṣètò WordPress, lẹ́yìn náà á ka fáìlì tí pásíwọ́ọ̀dù database (àpò ìsọfúnni) pọ́tàlì wà nínú rẹ̀. Kò nílò kó fọ́ pọ́tàlì rárá. Orúkọ subdomain lásán, bíi portal tó ṣáájú orúkọ yín, kì í ṣe ògiri. Ohun tó ń ya méjì sọ́tọ̀ ni aṣàmúlò ọ̀tọ̀, database ọ̀tọ̀, pásíwọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀, àti sẹ́fà ọ̀tọ̀ tí agbára bá gbé e.

Ìdí kejì hàn gbangba lọ́jọ́ tí èsì bá jáde. Ilé-ìwé tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 400 á fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbogbo òbí á ti dé ẹnu ọ̀nà. Hosting alájọlò ní òṣùwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo CloudLinux, ètò tó ń díwọ̀n ohun tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń lò lórí sẹ́fà, ohun tó máa ń yọ ni "508 Resource Limit Is Reached" (ẹ ti lo ìwọ̀n yín tán), àkọsílẹ̀ yẹn kò sì ní dúró sí ojú pọ́tàlì nìkan. Òbí tuntun tó ń wá fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé lórí wẹ́bùsáìtì náà á bá a pàdé.

Níbo ni kí ẹ gbé e sí?

Bí pọ́tàlì náà bá kéré, tí oníbàárà kò tó ọgọ́rùn-ún, tí kò sì sí ẹni tó lè máa tọ́jú sẹ́fà, àkáǹtì hosting kejì tó ní orúkọ aṣàmúlò tirẹ̀ á tó. Kì í ṣe "addon domain" nínú àkáǹtì àkọ́kọ́ o. Àkáǹtì ọ̀tọ̀ gan-an ni. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, VPS ni, ìyẹn ìpín sẹ́fà tó dá dúró, tí ẹ ń ṣàkóso fúnra yín. Èyí tó ní vCPU 1, RAM 2 GB àti disk 40 GB ń tó fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní oníbàárà ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba náírà, nítorí káàdì tí kò lè san dọ́là lọ́jọ́ ìsanwó lè pa sẹ́fà yín.

Kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì ńkọ́? Rárá o. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná nìkan. Módẹ́ẹ̀mù tó ń lo síìmù sábà máa ń wà lẹ́yìn àdírẹ́sì kan tí ilé iṣẹ́ fóònù fi ń sin ogunlọ́gọ̀ oníbàárà pọ̀. Ẹ lè gba ibẹ̀ jáde lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ará ìta kò lè kan ilẹ̀kùn yín, torí àdírẹ́sì yẹn kì í ṣe tiyín nìkan. Àwọn kan ń fi tunnel, ọ̀nà àbẹ́lẹ̀ tí ètò kan ń là láti inú lọ síta, fò ó. Bí iná bá wá lọ lóru, tí kò sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, oníbàárà tó wà ní Jámánì tó fẹ́ rí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ á bá ilẹ̀kùn nítìpa.

DNS

DNS ni ìwé tó ń sọ àdírẹ́sì IP tí orúkọ dómènì kọ̀ọ̀kan ń lọ, nameserver sì ni sẹ́fà tó ń tọ́jú ìwé náà. Ẹ má fọwọ́ kan nameserver. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí: ẹni tó ra VPS á lọ yí nameserver padà sí ti ibi tó ra VPS sí, àwọn MX record (ìlà tó ń darí ímeèlì) tó wà níbi àtijọ́ kò ní tẹ̀ lé e, ímeèlì ilé iṣẹ́ á sì dákẹ́. Record kan ṣoṣo lẹ nílò: irú rẹ̀ A, orúkọ rẹ̀ portal, àdírẹ́sì IP sẹ́fà tuntun, bíi 203.0.113.10, TTL (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n fi ń rántí ìdáhùn) 300. Bí gbogbo nǹkan bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gbé TTL lọ sí 3600.

Ibi tí nameserver yín ń tọ́ka sí ni kí ẹ ti fi í kún un, èyí tó sábà máa ń jẹ́ Zone Editor inú cPanel. Bí ẹ bá kọ ọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó ta dómènì fún yín nígbà tí nameserver ń tọ́ka sí ibòmíràn, ẹ lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ohun tó máa yí padà. Ẹ fi àṣẹ dig +short portal.orukoyin.com.ng, tó ń fi ìdáhùn DNS hàn, yẹ̀ ẹ́ wò. Bí AAAA record, èyí tó ń gbé àdírẹ́sì IPv6, bá ti wà lórí orúkọ yẹn tẹ́lẹ̀, tó ń tọ́ka sí hosting àtijọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Let's Encrypt, àjọ tó ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí HTTPS lọ́fẹ̀ẹ́, máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú IPv6, ibi tí kò yẹ ló sì máa lọ.

Sẹ́fà fúnra rẹ̀

Ubuntu 24.04 LTS, ẹ̀yà Linux kan, ni mo gbà yín nímọ̀ràn. PHP 8.3 ló bá a wá, àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ sì ń dé síbẹ̀ títí di ọdún 2029. Ẹ ṣẹ̀dá aṣàmúlò tí kì í ṣe root (ọ̀gá tó lè ṣe ohun gbogbo), ẹ fi SSH key (fáìlì kọ́kọ́rọ́ fún ìwọlé láti òkèèrè) wọlé, kí ẹ sì pa ìwọlé onípásíwọ́ọ̀dù. Ohun kan wà níbí tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n á kọ PasswordAuthentication no sínú /etc/ssh/sshd_config, wọ́n á rò pé ó ti parí, bẹ́ẹ̀ sì ni fáìlì kékeré kan nínú /etc/ssh/sshd_config.d, tó sábà máa ń jẹ́ 50-cloud-init.conf, ṣì ń sọ pé yes. SSH máa ń gba èyí tó bá kọ́kọ́ kà, fódà yẹn ló sì ń kọ́kọ́ kà. Ẹ fi sudo sshd -T | grep passwordauthentication mọ òótọ́. Ẹ ṣí fèrèsé kejì kí ẹ fi key wọlé níbẹ̀ kí ẹ tó pa fèrèsé àkọ́kọ́, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta.

Ó ní bí wọ́n ṣe ń to ufw, ògiri tó ń pinnu ilẹ̀kùn (port) tó ṣí: sudo ufw allow OpenSSH ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 80/tcp àti 443/tcp, ìgbẹ̀yìn ni sudo ufw enable. Ẹni tó bá fi enable ṣáájú á pàdánù sẹ́fà rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Database kò nílò ilẹ̀kùn kankan síta, nítorí náà ẹ má ṣí port 3306 tó ń lò. Ẹ ṣètò aago pẹ̀lú sudo timedatectl set-timezone Africa/Lagos, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rìsíìtì tí wọ́n san lẹ́yìn agogo méjìlá òru á máa jẹ́ déètì àná. Swap 2 GB, ibi tí ẹ̀rọ ń lò lórí disk bí RAM bá kún, náà ṣe pàtàkì lórí ẹ̀rọ kékeré.

Ìwé ẹ̀rí HTTPS rọrùn, ètò certbot ló ń gbà á fún yín: sudo certbot --nginx -d portal.orukoyin.com.ng. Ọjọ́ 90 ni Let's Encrypt ń fún yín, certbot sì máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀ bí ó bá ku nǹkan bí ọjọ́ 30. Bí DNS kò bá tíì dé, ẹ má máa tẹ àṣẹ yẹn ní àtẹ̀túntẹ̀, torí bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín wákàtí kan, wọ́n á ní kí ẹ lọ dúró ná. Ẹ ṣe sudo certbot renew --dry-run lẹ́yìn tí ó bá ṣe tán. Bí ẹnì kan bá ti port 80 pa nítorí pé "HTTPS nìkan la ń lò", ibẹ̀ ni àtúnṣe á ti kùnà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, Let's Encrypt kò fi ímeèlì ìránnilétí ránṣẹ́ mọ́, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ náà sínú kàlẹ́ńdà yín tàbí kí ẹ ní ohun tó ń ṣọ́ ọ.

Oníbàárà máa ń fi fóònù ya ìwé, àwòrán yẹn sì lè tó 5 MB. Nginx, ètò tó ń gbé ojú ewé fún browser, kì í gbà ju 1 MB lọ láìjẹ́ pé ẹ yí client_max_body_size, àṣìṣe tó máa ń yọ ni 413. PHP náà ní tirẹ̀: upload_max_filesize jẹ́ 2M, post_max_size jẹ́ 8M. Fún àwòrán 5 MB, ẹ gbé client_max_body_size àti upload_max_filesize ga; post_max_size tó jẹ́ 8M tó fún ọ̀kan, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ ti tún un ṣe.

Ní ti ọ̀pọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wo pm.max_children, iye PHP tó lè ṣiṣẹ́ pọ̀, nínú PHP-FPM tó ń pín iṣẹ́ fún PHP. 5 ló wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni kẹfà á tò sẹ́yìn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bí PHP kan bá ń jẹ nǹkan bí 50 MB, 20 nínú wọn á jẹ 1 GB, èyí tó ṣẹ́ kù nínú 2 GB á wà fún MariaDB, ètò database, àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi ìkánjú kọ 100. Bí RAM bá tán, Linux á wá ẹni tó jẹun jù lọ pa, MariaDB sì ló sábà máa ń jẹ́.

Ìlẹ̀kùn ìwọlé àti cookie

Ibí yìí ni àwọn tó ti ya sẹ́fà sọ́tọ̀ ti ń tún méjèèjì so pọ̀ láìmọ̀.

Ẹ má fi fọ́ọ̀mù ìwọlé sórí wẹ́bùsáìtì. Ó máa ń wu àwọn ọ̀gá kí àpótí orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wà lójú ewé àkọ́kọ́, kó sì rán wọn lọ sí pọ́tàlì. Bí olè bá ti wọ wẹ́bùsáìtì, ìlà JavaScript mẹ́ta ti tó láti ṣe ẹ̀dà gbogbo pásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá tẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kí sẹ́fà pọ́tàlì le tó. Bọ́tìnì kan tó ní "Wọlé", tó jẹ́ líǹkì lásán sí https://portal.orukoyin.com.ng, ni gbogbo ohun tí wẹ́bùsáìtì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa pọ́tàlì. Ẹ má fi iframe, fèrèsé ojú ewé kan nínú òmíràn, gbé e síbẹ̀, kí pọ́tàlì sì máa rán header Content-Security-Policy: frame-ancestors 'none' jáde kí ẹlòmíràn má baà gbé e.

Cookie, àmì kékeré tí browser fi ń rántí ẹni tó wọlé, ni èkejì. Bí ẹni tó kọ pọ́tàlì bá fi Domain=orukoyin.com.ng sí i, browser á máa gbé cookie ìwọlé oníbàárà lọ fún wẹ́bùsáìtì pẹ̀lú, àti fún gbogbo subdomain tí ẹ bá tún ṣí. Ẹ fi Domain sílẹ̀ lófìfo. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí wẹ́bùsáìtì tí olè ti gbà lè fúnra rẹ̀ kọ cookie tó máa dé pọ́tàlì, kó fi session, ìyẹn nọ́ńbà ìwọlé, tí olè ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí oníbàárà lọ́rùn. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni kí orúkọ cookie bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú __Host-. Browser kò ní gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wọlé àfi tó bá ní Secure, tí Path rẹ̀ jẹ́ /, tí kò sì ní Domain rárá. Nínú PHP: session.name = __Host-potali, session.cookie_secure = 1, session.cookie_httponly = 1, session.cookie_samesite = Lax. Kí ètò náà sì pe session_regenerate_id(true) ní kété tí ẹni náà bá ti wọlé.

SameSite, tó ń dí cookie lọ́wọ́ láti bá ìbéèrè tó wá láti wẹ́bùsáìtì ẹlòmíràn lọ, kò ní gbà yín lọ́wọ́ wẹ́bùsáìtì tiyín. Lójú browser, orukoyin.com.ng àti portal.orukoyin.com.ng, ọmọ ìyá ni wọ́n, "same site" kan náà ni. Nítorí náà CSRF token, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ pọ́tàlì fúnra rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ti wá, gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo fọ́ọ̀mù pọ́tàlì. Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn lè ra dómènì kejì pátápátá kí ìbátan yẹn má sí mọ́. Ó dára, àmọ́ ó ní owó tirẹ̀: oníbàárà tó bá rí orúkọ tí kò mọ̀ lè rò pé ayédèrú ni, tàbí kí ayédèrú tòótọ́ rí ọ̀nà láti tàn án. Ní tèmi, subdomain ni kí ẹ fi sílẹ̀, bí ẹ bá ti ṣe àwọn nǹkan tí mo kọ sókè yìí tán.

Ẹ má fi Facebook pixel (kóòdù tó ń sọ fún Facebook ẹni tó wá) tàbí ohun èlò ìkàyè èrò sínú pọ́tàlì. Ẹni tó wá wo èsì àyẹ̀wò rẹ̀ kò wá fún ìpolówó. Robots.txt náà kò pa nǹkan mọ́, ó kàn ń sọ fún Google pé kó má kà á ni, orúkọ ojú ewé náà ṣì lè yọ. Ẹ jẹ́ kí sẹ́fà máa rán X-Robots-Tag: noindex pẹ̀lú gbogbo ojú ewé.

Nọ́ńbà inú líǹkì

Bí ẹ kò bá ka ibòmíràn, ẹ ka èyí. Oníbàárà wọlé, ó rí risiiti.php?id=1045. Ó yí i sí 1046. Rìsíìtì aládùúgbò rẹ̀ yọ. Kò sí ihò kankan tó wọ́pọ̀ tó yìí nínú pọ́tàlì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, HTTPS kò sì lè dí i. Ètò náà béèrè bóyá ẹni yìí ti wọlé, kò béèrè bóyá tirẹ̀ ni. Gbogbo ìbéèrè sí database gbọ́dọ̀ ní méjèèjì: WHERE id = ? AND onibara_id = ?, kí onibara_id sì wá láti inú session, kì í ṣe láti inú líǹkì. Nọ́ńbà gígùn tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú inú mọ̀ dára, ṣùgbọ́n kò rọ́pò ìbéèrè yẹn, torí èèyàn ń fi líǹkì ránṣẹ́ síra wọn. Láti dán an wò, ẹ ṣí àkáǹtì oníbàárà méjì, ẹ fi èkíní wọlé, kí ẹ sì fi líǹkì èkejì gbìyànjú, lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Fáìlì PDF ń jìyà jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá wà nínú fódà tí nginx ń fi hàn, bíi /uploads/esi-adeola.pdf, kò sí PHP kankan tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ kó wọn sí ibi tí kò sí lábẹ́ webroot, fódà tí nginx ń fi hàn, bíi /srv/faili. Kí PHP wo ẹni tó ni ín, kó wá fi X-Accel-Redirect sọ fún nginx pé kó gbé e jáde láti inú location (apá kan nínú ìṣètò nginx) tí ẹ ti kọ internal sí, tí ará ìta kò lè tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó tẹ líǹkì láìwọlé á rí 404.

Ímeèlì àti owó

Pọ́tàlì máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ fún ẹni tó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ VPS máa ń dí port 25 tí ímeèlì ń gbà, nítorí náà ẹ lo iṣẹ́ ìfìmeèlìránṣẹ́ kan lórí port 587. Ẹ jẹ́ kó máa wá láti subdomain náà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì kọ SPF (record DNS tó ń sọ sẹ́fà tó lè fi orúkọ yín ránṣẹ́) fún un, torí subdomain kì í jogún SPF ìyá rẹ̀. SPF kan ṣoṣo ni orúkọ kan gbọ́dọ̀ ní. Bí ẹ bá kọ méjì, méjèèjì di asán. Ẹ fi DKIM, ìbuwọ́lù orí ímeèlì, sí i, kí líǹkì ìyípadà pásíwọ́ọ̀dù má baà sùn sínú spam.

Bí wọ́n bá ń fi Paystack sanwó, kọ́bọ̀ ni ẹ ń kọ sí amount: ₦15,000 jẹ́ 1500000. Ẹ má kọ "ó ti san" nítorí pé browser padà wá sórí pọ́tàlì. Ẹnikẹ́ni lè tẹ àdírẹ́sì yẹn. Webhook, iṣẹ́ tí Paystack fúnra rẹ̀ ń rán sí sẹ́fà yín, ni kí ẹ gbà gbọ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi secret key ṣírò ìbuwọ́lù HMAC SHA512 lórí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wọlé gan-an, tó sì bá x-paystack-signature mu. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú JSON náà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó wọlé yẹn, kó tó tún un dì, ìṣirò rẹ̀ kò ní bá a mu. Webhook kan lè dé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà kí reference, nọ́ńbà ìsanwó náà, jẹ́ aláìlẹ́gbẹ́ nínú database, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó ka owó kan ní méjì. Kí ẹ sì fi iye tó wọlé wé iye tó jẹ, kó tó di pé ẹ fún un ní rìsíìtì.

Ẹ̀dà ìpamọ́, òfin, àti ọjọ́ tí ẹ bá ń kó kúrò

Ẹ máa fi mysqldump --single-transaction ṣe ẹ̀dà database ní agogo méjì òru, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ 7 àti ti ọ̀sẹ̀ 4. Ẹ ranti pé database nìkan nìyẹn, /srv/faili nílò tirẹ̀. Ẹ ti í pa pẹ̀lú encryption, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Snapshot, ẹ̀dà gbogbo sẹ́fà, tó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ni VPS wà nínú àkáǹtì kan náà, bí wọ́n bá ti àkáǹtì pa, gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ dá ẹ̀dà kan padà sórí ẹ̀rọ òfìfo, kí ẹ fojú rí i pé ó ṣí.

Ímeèlì tí wọ́n fi ń rán yín létí pé dómènì fẹ́ kú kò gbọdọ̀ wà lórí dómènì yẹn kan náà. Bí ó bá kú, ìránnilétí kò ní dé, wẹ́bùsáìtì àti pọ́tàlì á sì jọ lọ.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, Nigeria Data Protection Act, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, ní kí ẹ sọ fún àjọ NDPC, tó ń bójú tó òfin náà, láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀ pé ìsọfúnni àwọn èèyàn ti jò lọ́nà tó lè pa wọ́n lára. Wákàtí 72 kò pọ̀ fún ẹni tí kò ní log, àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí sẹ́fà. Log nginx kì í pẹ́ kó tó pa rẹ́ lórí Ubuntu, ọjọ́ 14 ni. Ẹ gbé e lọ sí 90, kí pọ́tàlì sì máa kọ sílẹ̀ ẹni tó wọlé, ìgbà tó wọlé, àti fáìlì tó ṣí. Nítorí pé pọ́tàlì dá wà, ẹ lè pa á fún wákàtí mélòó kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, wẹ́bùsáìtì kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi sẹ́fà yẹn sílẹ̀ lọ sí òmíràn, ẹ má pa á rẹ́ kí ẹ tó yí DNS padà. IP tí ẹ fi sílẹ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún. Bí A record yín bá ṣì ń tọ́ka síbẹ̀, ẹni yẹn lè gba ìwé ẹ̀rí HTTPS fún portal.orukoyin.com.ng, kó sì fi fọ́ọ̀mù ìwọlé síwájú àwọn oníbàárà yín. Ẹ kọ́kọ́ yí A record tàbí kí ẹ yọ ọ́, ẹ dúró kí TTL tán, ẹ fi dig wò ó láti fóònù àti láti ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa sẹ́fà àtijọ́ rẹ́.